Eré Ọkọ̀, Ìwà Awakọ̀ àti Epo tí Jíìpù Ń Mu

Iye epo tí jíìpù ń mu kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan. Ilé iṣẹ́ ló pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, bí ara ọkọ̀ ṣe wúwo tó àti bí iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ti bọ́ sọ́wọ́ awakọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń pinnu èyí tó kù, èyí tó kù náà kò sì kéré. Jíìpù méjì lè jáde nílé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà lọ sí ìlú kan náà, kí epo tí ọ̀kan jó sì fi ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti èkejì lọ. Ohun tó ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ ni eré tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sá, bó ṣe tẹ tọ́rótù, bó ṣe tẹ bíréèkì, ẹrù tó kó àti ìtọ́jú tó ṣe fún táyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. IEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, ṣírò pé nínú ọkọ̀ tí wọ́n tà jákèjádò ayé lọ́dún 2023, àwọn jíìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó tí ẹni tó ní jíìpù ń ná nílé epo ti di ẹrù tó ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sí awakọ̀ tó lè dá iye owó epo padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni iye lítà tí yóò lò.

Ibi tí epo ń lọ

Lítà epo bẹntiróòlù kan ní agbára púpọ̀ nínú, ṣùgbọ́n díẹ̀ níbẹ̀ ló ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nínú ìtọ́sọ́nà tí ìjọba Amẹ́ríkà ń tẹ̀ jáde fún àwọn awakọ̀, wọ́n fi hàn pé nǹkan bíi ìdá 12 sí 30 nínú 100 agbára epo ló ń gbé ọkọ̀ lásán rìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ń di ooru, ó ń gba rédíétọ̀ àti sálẹ́ńsà jáde. Díẹ̀ ń bá irin tó ń ha irin nínú ẹ́ńjìnnì àti jíà lọ, díẹ̀ sì ń yí àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi, tó ń fa ọ́ìlì, tó sì ń fún bátìrì ní iná.

Agbára tó bá dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní iṣẹ́ mẹ́ta láti ṣe. Èkíní ni láti gbé ìwúwo ọkọ̀ kúrò lójú kan kó sì fún un ní eré. Èkejì ni láti máa yí táyà, nítorí táyà tó ń yí ń tẹ̀, ó ń gbóná, ó sì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni láti ti afẹ́fẹ́ kúrò níwájú. Láàárín ìlú, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń jẹ epo jù. Ní òpópónà màrosẹ̀, iṣẹ́ kẹta ni. Jíìpù sì ní ìṣòro ní ìhà méjèèjì, nítorí ó wúwo ju ọkọ̀ kékeré lọ, ó sì ga, ó sì fẹ̀ níwájú jù ú lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ọkọ̀ méjì tó wọ́pọ̀ lójú títì ilẹ̀ Yorùbá. Toyota Highlander ti ọdún 2011 tó ní ẹ́ńjìnnì V6, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń fà, wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,900. Toyota Corolla ti ọdún kan náà wúwo tó nǹkan bíi 1,250. Nínú àyẹ̀wò EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, Highlander yìí ń rin mílì 17 lórí gálọ́ọ̀nù kan láàárín ìlú àti mílì 22 ní òpópónà, nígbà tí Corolla tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ ń rin mílì 26 àti 34. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di lítà, Highlander ń mu nǹkan bíi lítà 14 láàárín ìlú àti lítà 11 ní òpópónà fún kìlómítà 100 kọ̀ọ̀kan, Corolla sì ń mu nǹkan bíi 9 àti 7. Nítorí pé jíìpù ti ń mu epo tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan náà tí awakọ̀ bá fi ìwà dín kù lórí rẹ̀ yóò mú lítà tó pọ̀ ju ti ọkọ̀ kékeré wá sápò.

Afẹ́fẹ́ àti eré

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé fojú rí, síbẹ̀ ó wúwo. Afẹ́fẹ́ tó kún inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.2 ní ilẹ̀ tí kò jìnnà sí òkun. Jíìpù tí iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 2.8, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ń bá afẹ́fẹ́ tó wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 90 pàdé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yà lọ́nà fún ọkọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti ẹni tó wà nínú odò tó mù ún dé ìbàdí: bó bá ń rìn jẹ́jẹ́, omi yóò yàgò fún un, bó bá ní kí òun sáré, omi náà yóò máa tì í padà.

Òfin tó wà nídìí èyí kò ṣòro. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí jíìpù bá kúrò lórí kìlómítà 80 ní wákàtí kan bọ́ sí 120, eré rẹ̀ fi ìdajì lé sí i, ṣùgbọ́n ipá afẹ́fẹ́ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Agbára tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa pèsè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láti borí afẹ́fẹ́ náà nìkan ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta, nítorí ipá ti pọ̀ sí i, ọkọ̀ sì tún ń yára gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìrísí ọkọ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí imú rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra tẹ̀ sílẹ̀, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbà á lára kọjá wọ́ọ́rọ́. Jíìpù tó ga, tí iwájú rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, tí abẹ́ rẹ̀ sì jìnnà sílẹ̀, máa ń da afẹ́fẹ́ rú. Afẹ́fẹ́ tó dà rú lẹ́yìn rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn bí èyí tó wà níwájú ṣe ń tì í.

Èyí kò túmọ̀ sí pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń falẹ̀ tó ni epo rẹ̀ ṣe ń dín kù tó. Ẹ́ńjìnnì ń jó epo láti máa yí lásán, àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn náà sì ń gba tiwọn, ìyẹn ní gbogbo ìṣẹ́jú tí iná bá fi wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 20 ní wákàtí kan yóò lo wákàtí márùn-ún kó tó parí kìlómítà 100, epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó fún ara rẹ̀ nìkan yóò sì ti pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ jíìpù, eré tí epo ti ń pẹ́ jù wà láàárín nǹkan bíi kìlómítà 60 sí 80 ní wákàtí kan, nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní jíà tó ga jù tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí jẹ́jẹ́. Lókè 80, afẹ́fẹ́ ló ń borí.

Ilé ìwádìí Oak Ridge ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, yẹ ọkọ̀ 74 wò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí eré bá kúrò ní mílì 50 ní wákàtí kan, tó jẹ́ kìlómítà 80, dé mílì 60, ọ̀nà tí lítà kan lè mú ọkọ̀ dé ń dín kù ní ìdá 12.4 nínú 100 ní ìpíndọ́gba. Láti mílì 60 dé 70, ó tún ń dín ní ìdá 14. Láti 70 dé 80, ó ń dín ní ìdá 15.4. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ná awakọ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Láti Èkó dé Ìbàdàn

Òpópónà màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ká ní jíìpù kan ń mu lítà 9 fún kìlómítà 100 nígbà tó bá ń sá 80 ní wákàtí kan, tí ọ̀nà sì dán tí kò sí ìdíwọ́, ìpíndọ́gba tí Oak Ridge rí yóò fún un ní ìṣirò yìí.

Ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan, yóò lo ìṣẹ́jú 95 àti nǹkan bíi lítà 11.4. Ní 96, yóò lo ìṣẹ́jú 79 àti lítà 13. Ní 112, yóò lo ìṣẹ́jú 68 àti lítà 15.2. Ní 128, yóò lo bíi wákàtí kan àti lítà 17.9.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn wò níbẹ̀ ni bí èrè ṣe ń kéré tí owó rẹ̀ sì ń pọ̀. Ẹni tó kúrò ní 80 bọ́ sí 96 fi nǹkan bíi lítà 1.6 ra ìṣẹ́jú 16. Ẹni tó tún kúrò ní 96 bọ́ sí 112 fi nǹkan bíi lítà 2.1 ra ìṣẹ́jú 11. Ẹni tó kúrò ní 112 bọ́ sí 128 fi nǹkan bíi lítà 2.8 ra ìṣẹ́jú tí kò pé mẹ́sàn-án. Bí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, ẹni tó sá 128 dípò 96 ti ná nǹkan bíi ₦4,900 lórí ìṣẹ́jú 20 ní àlọ nìkan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà Ìbàdàn tàbí ní Bẹ́gà l'Ékòó sì lè gba ìṣẹ́jú 20 náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Epo tó ti jó kò ní padà sínú táǹkì.

Àwọn ìjọba ti lo ìmọ̀ yìí nígbà tí epo bá wọ́n. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dá epo dúró lọ́dún 1973, Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fi kìlómítà 100 ní wákàtí kan ṣe òpin eré lórí àwọn òpópónà rẹ̀ tí kò ní òpin eré tẹ́lẹ̀. Òfin náà wà títí di oṣù Kẹta ọdún 1974. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974, Ààrẹ Richard Nixon fọwọ́ sí òfin tó sọ mílì 55, nǹkan bíi kìlómítà 88, di eré tó ga jù jákèjádò Amẹ́ríkà, òfin náà kò sì kúrò pátápátá títí di ọdún 1995. Lọ́dún 2011, nígbà tí owó epo gòkè, Sípéènì dín òpin eré rẹ̀ kù láti 120 sí 110 fún oṣù díẹ̀. Ní Nàìjíríà, òpin eré fún ọkọ̀ àdáni lórí òpópónà màrosẹ̀ ni kìlómítà 100 ní wákàtí kan. Ẹ̀mí ènìyàn ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń fi òfin yìí dáàbò bò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á mọ́ ń dáàbò bo àpò ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Láàárín ìlú: ìwúwo àti bíréèkì

Bí jíìpù bá wọ ìgboro, afẹ́fẹ́ yóò fi ipò sílẹ̀ fún ìwúwo. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra, epo ló ń fún un ní eré. Nínú ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì nìkan, gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí epo ti rà sínú eré náà ń di ooru lára bíréèkì, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Iye rẹ̀ ṣeé ṣírò. Jíìpù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ní agbára bíi kìlójúùlù 278 nínú eré rẹ̀. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára epo bá ń dé ẹsẹ̀ ọkọ̀, nǹkan bíi mílílítà 35 epo ni yóò jó kí ọkọ̀ náà tó lè dé eré yẹn láti orí ìdúró. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 28, tó ń já tọ́rótù mọ́lẹ̀ tó sì ń já bíréèkì mọ́lẹ̀, ti sọ lítà kan di ooru. Ọkọ̀ kékeré tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ yóò sọ bí ìlàjì rẹ̀ nù. Bí eré bá jẹ́ 100 kí wọ́n tó tẹ bíréèkì, ìdúró kọ̀ọ̀kan fún jíìpù náà ń súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà, nítorí agbára inú eré náà ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì.

Ìdí nìyí tí wíwo iwájú fi jẹ́ ọgbọ́n àkọ́kọ́ nínú fífi epo pamọ́. Awakọ̀ tó rí i pé iná ojú ọ̀nà ti pọ́n, tàbí pé ọkọ̀ ti ń tò lẹ́yìn bọ́ǹpù, yóò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù láti òkèèrè. Ọkọ̀ yóò fi eré tó ti ní tẹ́lẹ̀ yí débẹ̀. Bó bá débẹ̀ tí iná sì ti di aláwọ̀ ewé, kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Awakọ̀ tó tẹ tọ́rótù títí dé ẹsẹ̀ iná kó tó tẹ bíréèkì kò ṣíwájú rẹ̀ débì kankan. Iná kan náà ló dá àwọn méjèèjì dúró.

Fífi àyè sílẹ̀ sáàárín ọkọ̀ àti èyí tó wà níwájú wà lára ọgbọ́n náà. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé bí àwọn bá fi àyè sílẹ̀, dánfó yóò kó wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni, dánfó lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí awakọ̀ pàdánù kò ju gígùn ọkọ̀ kan lọ, nígbà tí ẹni tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà tí ẹni iwájú bá tẹ tirẹ̀, kó sì tún fi epo gbéra.

Gbígbéra pàápàá ní ìlànà. Bí awakọ̀ bá já tọ́rótù mọ́lẹ̀ lójijì nínú jíìpù tí jíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yóò bọ́ sí jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké ramúramù, epo yóò sì máa tú wọlé. Bó bá tẹ̀ ẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, jíà yóò tètè gòkè dé ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí jẹ́jẹ́. Kò pọn dandan kó máa wọ́ bí ẹni tó ń tẹ̀ lé òkú. Ohun tó dára ni kó gbéra wọ́ọ́rọ́, kó tètè dé eré tó fẹ́, kó sì dúró lórí eré náà. Ìtọ́sọ́nà ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ìwakọ̀ oníwàdùwàdù, ìyẹn kí eré pọ̀ jù, kí wọ́n máa já tọ́rótù àti bíréèkì, lè dín ọ̀nà tí epo ń mú ọkọ̀ dé kù ní ìdá 15 sí 30 nínú 100 ní òpópónà, àti ìdá 10 sí 40 nínú ìdúró-gbéra ìgboro.

Ẹ̀rí tó hàn jù pé bíréèkì ló ń jẹ epo ìgboro wà lára jíìpù oníbátìrì àti ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì. Nínú irú ọkọ̀ yìí, bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, mọ́tọ̀ iná ń kó púpọ̀ nínú agbára eré náà padà sínú bátìrì dípò kó di ooru, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń kú fúnra rẹ̀ níbi tí ọkọ̀ bá dúró. Highlander háíbíríìdì ti ọdún 2011 rin mílì 28 lórí gálọ́ọ̀nù kan ní ìgboro àti mílì 28 ní òpópónà nínú àyẹ̀wò EPA, nígbà tí èyí tí kì í ṣe háíbíríìdì rin 17 ní ìgboro. Háíbíríìdì kò sì lè sá fún afẹ́fẹ́: bí wọ́n bá ń fi sá eré àsápajúdé ní òpópónà, àǹfààní rẹ̀ lórí epo yóò dín kù púpọ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan, àti éèsì

Ọkọ̀ tó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ń mu epo láìrìn rárá. Ìtọ́sọ́nà ìjọba Amẹ́ríkà náà fi í sí nǹkan bíi lítà kan sí méjì ní wákàtí kan, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe tóbi tó àti bí éèsì bá wà lórí iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì V6 tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan níwájú ilé ìwé tàbí ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì fún ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ lè jó lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù kan. Èrò àtijọ́ pé títanná sí ẹ́ńjìnnì padà ń jó epo púpọ̀ kò bá ọkọ̀ òde òní mu mọ́: epo tó ń gbà kò ju èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ibi tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ dúró pẹ́, tí kì í ṣe àárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó lè ṣí nígbàkígbà, pípa iná rẹ̀ ló sàn.

Éèsì ni ohun tó ń gba agbára jù nínú ohun ìrọ̀rùn inú ọkọ̀. Nínú ooru tó mú gan-an, ó lè dín ọ̀nà tí epo ń mú ọkọ̀ dé kù ní ohun tó lé ní ìdá 25 nínú 100, pàápàá lórí ìrìn kúkúrú, nítorí ìgbà tí inú ọkọ̀ gbóná bí ààrò ni éèsì ń ṣiṣẹ́ jù. Inú jíìpù tóbi, afẹ́fẹ́ tó gbọ́dọ̀ tù nínú rẹ̀ pọ̀, gíláàsì tí oòrùn ń gbà wọlé sì fẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ sábẹ́ ibòji, tó sì ṣí gbogbo fèrèsé fún ìṣẹ́jú bí mélòó kan kó tó tan éèsì, ti gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí eré bá kéré, fèrèsé ṣíṣí ń tó. Bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sí òpópónà, fèrèsé tó ṣí ń dá kún ìdènà afẹ́fẹ́, éèsì níwọ̀nba ló yẹ níbẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti jíà fíríì

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló gbà pé bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò ní jíà, kí wọ́n fi sí fíríì, ni epo kò fi ní í jó. Ìgbàgbọ́ yìí ti pẹ́, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló rí. Bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kọ̀ǹpútà yóò sé epo pátápátá, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń yí ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá fi sí fíríì, kò sí ohun tó ń yí ẹ́ńjìnnì mọ́, epo ni yóò sì máa jó kó má baà kú. Lẹ́yìn èyí, jíìpù tó wúwo tó wà ní fíríì lórí òkè gíga, irú èyí tó wà ní ọ̀nà Èkìtì àti Iléṣà, kò ní ohun tó ń dá a dúró bí kò ṣe bíréèkì nìkan, bíréèkì tó bá sì gbóná jù kì í mú mọ́.

Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, kò dára kí awakọ̀ fi dandan mú un pé eré kò gbọ́dọ̀ dín kù. Bó bá gbà kí eré rọra wálẹ̀ díẹ̀ bó ṣe ń gùn ún, kó sì tún pọ̀ padà bó bá ń sọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní í máa bọ́ sí jíà kékeré. Ẹ̀rọ tó ń di eré mú lójú kan dára ní ọ̀nà títẹ́jú, nítorí ó ń gba ẹsẹ̀ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ kúrò lórí tọ́rótù. Lórí ilẹ̀ olókè, ẹsẹ̀ awakọ̀ tó gbọ́n sàn jù ú lọ.

Ẹrù, káríà àti táyà

Nǹkan bíi kìlógíráàmù 45 tí wọ́n bá kó kún ọkọ̀ ń dín ọ̀nà tí epo ń mú un dé kù ní nǹkan bíi ìdá kan nínú 100. Ìdá náà kéré lórí jíìpù ńlá ju ọkọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n bùútù jíìpù fẹ̀, ohun tí wọ́n ń gbàgbé sínú rẹ̀ sì máa ń pọ̀.

Ẹrù orí káríà ló burú jù, nítorí ó ń dá kún ìwúwo, ó sì tún ń dá kún iwájú tí afẹ́fẹ́ ń bá pàdé. Àpótí ńlá lórí ọkọ̀ lè dín ọ̀nà tí epo ń mú un dé kù ní ìdá 2 sí 8 nínú 100 ní ìgboro, ìdá 6 sí 17 ní òpópónà, àti ìdá 10 sí 25 nígbà tí eré bá tó kìlómítà 105 sí 120 ní wákàtí kan. Bí ẹrù kan náà bá wà ní ìdí ọkọ̀, ìpàdánù ní òpópónà kì í ju ìdá 1 sí 5 lọ. Ẹni tó di ẹrù ọdún sórí káríà lọ sílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìrìn náà ń béèrè eré tó kéré sí ti ìgbà gbogbo, káríà tí kò sì ní ẹrù kankan lórí mọ́ yẹ ní títú sílẹ̀.

Táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kéré ń tẹ̀ jù, ó sì ń le láti yí. Fún PSI kọ̀ọ̀kan, ìyẹn òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi dín, epo ń ṣòfò ní nǹkan bíi ìdá 0.2 nínú 100. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n táyà tó dín ní PSI 10 wọ́pọ̀, ewu tó wà nínú kí irú táyà bẹ́ẹ̀ gbóná kó sì bẹ́ lórí eré sì ju ti epo lọ. Ìwọ̀n tó tọ́ wà lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀; nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n fẹ́ sí i. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni géèjì ń sọ òótọ́ jù. Táyà tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, tàbí táyà onípàkúpàkú tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ àti iyanrìn, ń gba epo sí i lórí ọ̀dà. Bákan náà ni jíìpù tó ní ọwọ́ tí wọ́n fi ń pe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí iṣẹ́: inú ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni wọ́n ṣe é fún, lórí ọ̀dà gbígbẹ ó ń jẹ epo, ó sì ń jẹ jíà.

Wíwọn epo

Kò sí awakọ̀ tó lè mọ̀ bóyá ìwà rẹ̀ ti yí padà bí kò bá wọ̀n ọ́n, abẹ́rẹ́ inú dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sì ṣe òṣùwọ̀n tó péye. Ọ̀nà tó dájú ni kí wọ́n rọ epo kún táǹkì títí ẹnu ẹ̀rọ epo yóò fi já fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kí wọ́n lo ọkọ̀ náà bó ṣe yẹ, kí wọ́n sì tún rọ ọ́ kún bákan náà, ó sàn kó jẹ́ ní ilé epo kan náà. Lítà tí wọ́n rọ lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ mu. Wọn yóò fi kìlómítà tó rìn pín in, wọn yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí jíìpù bá mu lítà 45 lórí kìlómítà 360, lítà 12.5 ló mu fún kìlómítà 100. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ọ̀nà kan náà, ìpíndọ́gba rẹ̀ yóò fi òótọ́ hàn. Bí nọ́ńbà náà bá ń gòkè nígbà tí ìwà awakọ̀ kò yí padà, mẹkáníìkì ló kàn: ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì tó ti gbó, ó lè jẹ́ bíréèkì tó ń há, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ ara sálẹ́ńsà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí epo ṣe ń jó.

Bí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ohun tó tóbi jù ni eré ní òpópónà àti wàdùwàdù ní ìgboro. Éèsì, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan àti ẹrù orí káríà tẹ̀ lé e. Táyà àti ẹrù inú bùútù ló kéré jù. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó tóbi. Òfin kan náà tó sọ pé agbára inú eré ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì ló sọ pé ọ̀nà tí bíréèkì nílò láti dá ọkọ̀ dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, awakọ̀ tó ń fi eré pamọ́ nítorí epo ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹni tó ń kọjá lójú títì pamọ́ pẹ̀lú. Lítà bẹntiróòlù kọ̀ọ̀kan tí kò jó sì túmọ̀ sí nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 èéfín kábọ́nì tí kò bọ́ sójú ọ̀run. Gbogbo èyí wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, kò sì ní í ná an ní kọ́bọ̀ láti bẹ̀rẹ̀.